Ọjọ́ Tí A Bá Àlejò Wa Dárò Bọ́ọ̀lù

Òórùn isu èlùbọ́ tó ń gbẹ lórí àpáta kò jọ òórùn mìíràn. Ó máa ń kan díẹ̀, ó máa ń dùn díẹ̀, bí oòrùn bá sì ti mú un dáadáa, á wọ aṣọ èèyàn lára títí wọ́n á fi fọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn ilé wa ní Ṣakí ni àpáta náà wà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì gbòòrò. Orí rẹ̀ ni ìyá mi ti ń sá isu tó bá ti bọ̀, orí rẹ̀ náà sì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń dára jù ládùúgbò wa. Ohun méjèèjì yìí ló fa gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ.

Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe nígbà náà, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo sì ń gbé. A ní ayálégbé kan ní yàrá ẹ̀yìn, ẹ̀ńjíníà ọmọ Sìmbábúwè tí wọ́n rán wá láti máa gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ fún àwọn ìlú tó yí wa ká. Bó bá wà ní Àgọ́-Àrẹ lónìí, ó lè wà ní Ogbooro lọ́la. Ó dúdú ju èmi gan-an lọ, nítorí náà gbogbo èèyàn ló ń bá a sọ Yorùbá, bó bá sì rẹ́rìn-ín músẹ́ tí kò dáhùn, wọ́n á ní ìgbéraga ń dà á láàmú. Ìyá mi kò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́, Màmá” kì í wọ́n lẹ́nu ọkùnrin náà láràárọ̀, bí wọ́n bá sì gbé tùwó àgbàdo fún un, á jẹ ẹ́ tán pátápátá, torí ó ní oúnjẹ ilé àwọn gan-an nìyẹn.

Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe ọkùnrin náà: rọ́gíbì. Ó gbìyànjú títí láti fi kọ́ mi. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí bí ìbẹ́pẹ, ọkùnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á kọjú sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù á máa sáré síwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló gbọ́dọ̀ jù ú sí. Mo bi í pé irú ìrìn-àjò wo nìyẹn, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú. Ibi yòówù kó wà, bí orílẹ̀-èdè rẹ̀ bá ti ń gbá a, yóò wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì rí. Nígbà kan ní Ijio, ó gun orí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga, ó na fóònù sókè fún bíi wákàtí kan, àwọn àgbààgbà ìlú sì jókòó tì í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n rò pé ó ń fi ẹ̀rọ náà wá ibi tí omi wà.

Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ tí mò ń wí. Ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ti orílẹ̀-èdè kan tí kò jìnnà sí tiwọn ló fẹ́ pàdé, ẹni tó bá borí ni yóò lọ síbi ìdíje àgbáyé. Ó ní láti kékeré òun ni wọn ò ti dé ibẹ̀ mọ́. Ó lọ tọrọ àyè lórí àpáta lọ́wọ́ ìyá mi, ìyá mi sì ní, “Jókòó síbẹ̀, ọmọ mi, ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ tẹ isu mi.” Ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé ti ẹgbẹ́ wọn, ó jókòó sórí bàsíà tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, èmi sì di páwà báǹkì tó ń fún fóònù rẹ̀ níná mú. Nígbà tí wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè wọn, ó dìde ṣánṣán láàárín isu, ó gbé ọwọ́ lé àyà. Èmi náà dìde, torí ojú ń tì mí láti nìkan jókòó.

Àwọn èèyàn rẹ̀ ló ń léwájú títí eré fi kù díẹ̀ kó parí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan lára àwọn yòókù gbá bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, ó sì gba àárín òpó méjèèjì kọjá. Ohun tí wọ́n fi borí nìyẹn, eré sì parí. Àlejò wa fò dìde. Ó káwọ́ lérí, ó figbe ta, ó kúnlẹ̀, ó sì dojú bolẹ̀ sórí isu.

Ìyá mi àti Ìyá Ìbejì, aládùúgbò wa, ń pọnmi ní kànga nísàlẹ̀, wọ́n sì rí i. Ìwọ náà mọ̀ wá. Ẹni tó di fóònù mú, tó kígbe, tó káwọ́ lérí, tó ṣubú: ta ló tún ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀? Kí n tó mí, ìyá mi ti dé orí àpáta, ó ń tẹ isu ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń gbé ọkùnrin náà dìde. “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á tù ọ́ nínú.” Ìyá Ìbejì ti sáré lọ pe àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúrà àsàláátù, tí ìyá mi jẹ́ olórí fún. Bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, a kì í bi ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ pé ta ló kú. Kí àlejò wa tó bọ́jú, ẹní ti kún iwájú ilé.

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ lójú ẹsẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìlú wa, orúkọ ìnagijẹ kì í kú. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó ṣèèṣì so ewúrẹ́ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Títí di òní, Bàbá Eléwúrẹ́ ni, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ náà sì ń jẹ́ ọmọ Eléwúrẹ́. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ìyá mi kó gbogbo àdúgbò wá kẹ́dùn bọ́ọ̀lù, ó parí fún un nìyẹn. Mo dákẹ́. Ẹnì kan gbé isu wá, ẹnì kan gbé ẹtù wá.

Lẹ́yìn ìrun Alásàrí, Ààfáà àdúgbò dé, ó sì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Tíṣà, kí n lè mọ bí n ó ṣe ṣàdúà. Ṣé àgbà ló kú ni àbí ọ̀dọ́?”

Mo wo ìyá mi, tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ àlejò wa. “Àgbà ni, sà,” mo ní. “Bàbá rẹ̀ ni.”

Ẹyin lọ̀rọ̀, tèmi sì ti bọ́. Mo ti fẹnu ara mi pa bàbá oníbàbá. Ààfáà lọ bá a, ó fi ìwọ̀nba gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ kí i pé òun bá a kẹ́dùn bàbá rẹ̀, pé Ọlọ́run á forí jì wọ́n. Mo dijú, mo ń retí kó béèrè pé bàbá wo.  Nígbà tí mo lajú, èmi ni ọkùnrin náà ń wò, omi sì ń dà lójú rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹkún yìí kì í ṣe ti orí àpáta. Ó ní, “Ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an.” Ìyá mi gbá a mọ́ra, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Nígbà tí èrò lọ tán, ó bi mí pé, “Ta ló sọ fún ọ pé bàbá mi kú?”

Oṣù kejì tó dé Ṣakí ni bàbá rẹ̀ kú. Iṣẹ́ kò jẹ́ kó lọ sílé. Orí fóònù ló ti wo ìsìnkú, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́, ó lọ gbẹ́ kànga, kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Òun àti bàbá náà kì í pa eré kankan jẹ tẹ́lẹ̀, bàbá á máa bá tẹlifíṣọ̀n jà bíi pé ó ń gbọ́. Ó ti ń wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí wọ́n bá borí, á dà bíi pé bàbá náà rí i. “Nígbà tí bọ́ọ̀lù yẹn kọjá láàárín òpó,” ó ní, “ó ṣe mí bíi pé ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.”

Mo jẹ́wọ́ irọ́ mi fún un. Ó wò mí títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi mú un.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Ó ní, “Ṣé bàbá rẹ̀ kú àbí kò kú?”

“Ó kú, Màámi.”

“Ó dáa. A ti kí i. Ìwọ lọ bá mi ṣa isu tí ẹ tẹ̀.”

Mo ṣa á. Inú mi dùn pé mo purọ́ ọjọ́ náà, ojú sì ń tì mí pé ọkùnrin náà bá wa gbé tó báyẹn, tó ru òkú bàbá rẹ̀ káàkiri Òkè-Ògùn, tí mo sì ń fi ìbẹ́pẹ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Títí di òní, bí mo bá rí àgbàlagbà tó ń sunkún nítorí bọ́ọ̀lù, n kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Mo máa ń jókòó tì í, n ó sì bi í pé òun àti ta ni wọ́n jọ máa ń wò ó tẹ́lẹ̀.