Ẹni tí Mo Kọ́kọ́ Kí ní Àgọ́ Ọlọ́pàá

"Má jẹ́ kí ọmọ rẹ mọ ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá o! Ta ló mọ ẹni tí yóò bá níbẹ̀?" Báyìí ni Ìyá Ṣẹ́gun, aládùúgbò mi, ṣe kìlọ̀ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀rù máa ń tètè bà mí lórí ọ̀rọ̀ ọmọ, n kò sì fojú kéré ìkìlọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bó ti dárúkọ àgọ́ ọlọ́pàá, òórùn pólíṣì bàtà tí mo gbọ́ níbẹ̀ ní kékeré ló kọ́kọ́ wá sí mi nímú.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ní Akínyẹlé, láàárọ̀ ọjọ́ ọjà. Mo fi ọwọ́ Bọ́lá, àbúrò mi ọmọ ọdún mẹ́rin, sílẹ̀ láti di agbọ̀n ata màmá mi tó fẹ́ dojú dé mú. Kí n tó yíjú padà, n kò rí i mọ́. Màmá mi ké pé, "Sáré lọ bá ọlọ́pàá! Èmi á wá inú ọjà."

Nígbà tí mo dé àgọ́ ọlọ́pàá, bàbá kan tó ti hewú jókòó sẹ́yìn káńtà, ìlà méjì wà lápá aṣọ rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò tíì hu irùngbọ̀n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ìlà kankan lápá tirẹ̀, àfi ìràwọ̀ kan léjìká. Màmá mi a sì máa wí pé, "Àgbà la kọ́kọ́ ń kí." Mo kọjá lára ọ̀dọ́kùnrin náà bí ẹni kọjá lára òpó, mo kúnlẹ̀ fún bàbá.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá. Bọ́lá ti sọnù. Ẹ ní kí wọ́n bá wa wá a."

Bàbá dìde ṣánṣán. "Ọmọ mi, kọ́púrà lèmi. Ọ̀gá wa lo kọjá lára wọn yẹn. Àwọn ló ń rán wa níṣẹ́."

Ọ̀dọ́kùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ ti gba ipò mi lónìí!"

"Ewú orí mi ló jẹ̀bi, sà."

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo rò pé bí n kò ṣe kí ọ̀gá ló máa sọ Bọ́lá nù pátápátá. Ṣùgbọ́n ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi mí léèrè aṣọ tí Bọ́lá wọ̀. Búbá pupa, kò wọ bàtà. Bàbá kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, ó kọ aago sí i. Kọ́nsítébù méjì ń fi pólíṣì kun bàtà lẹ́yìn ilé. Ọ̀gá rán ọ̀kan sí ibùdókọ̀, èkejì sí ojú títì. Bàbá nìkan ni kò kúrò. Ó ní, "Káńtà kì í ṣófo."

Inú ọkọ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti gbé Bọ́lá sọ̀kalẹ̀, ó ń jẹ gúgúrú tí èrò kan fún un. Èrò kan ṣoṣo ló kù kí ọkọ̀ náà gbéra.

Nígbà yẹn, n kò mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí kọ́púrà, síbẹ̀ mo wọlé tààrà. Lónìí mo mọ gbogbo ìlà àti ìràwọ̀ wọn, ẹ̀rù sì ń bà mí láti wọlé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ fúnra yín mú ọmọ yín lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ yín ní ọ̀sán gangan. Ẹ fi káńtà hàn án. Ẹ sọ fún un pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kó má kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé.