Ìyẹ́ Adìyẹ Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Ìyá Mi

Ọyẹ́ ti bo Òkè Olúmọ mọ́lẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n mú ìyá mi lọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọyẹ́ kì í ṣe bíi ti ìsinsìnyí tó ń yọjú fún ọjọ́ mélòó kan, tó sì ń sá lọ bí àlejò tí kò rí oúnjẹ jẹ. Ti ìgbà náà á dúró. Ètè á là, gìgísẹ̀ á sán, omi inú àmù á tutù débi pé eyín á máa roni. Lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn, bí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ìtòkú, ẹ kò ní rí òrùlé ilé tó wà ní òdìkejì. Gbogbo rẹ̀ funfun, ó sì ń rùn bí ewé jíjó. Èmi ni mo ru ẹrù aṣọ. Bàbá mi di apá ìyá mi mú bí ẹni ń mú arúgbó sọdá odò, bẹ́ẹ̀ ìyá mi kò tíì dàgbà rárá. Bí mo bá fi ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà náà wé ti àwọn ọmọ-ọmọ mi, ọmọdé ni.

N kò kàwé lọ títí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun tí ojú mi rí ni mo lè sọ, òun náà ni mo sì fẹ́ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ilé aládìrẹ ni ilé wa. Ogun òyìnbó ti parí, àwọn sójà ti padà wálé, aṣọ funfun sì tún ti ń wọ ọjà díẹ̀díẹ̀. Àwọn obìnrin ilé wa á ro ẹ̀kọ láfún, wọ́n á fi ṣe ọnà sára aṣọ funfun, wọ́n á sá a kó gbẹ, wọ́n á wá gbé e lọ fún aláró kó bá wọn rẹ ẹ́. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọ ibẹ̀. Bí wọ́n bá ha ẹ̀kọ náà kúrò, ọnà á yọ lára aṣọ. Páànù ni gbogbo wọn ń lò, páànù pẹlẹbẹ tí àwọn ọkùnrin ti gé ọnà sí lára. Wọ́n á gbé páànù lé aṣọ, wọ́n á fi igi pẹlẹbẹ fa ẹ̀kọ kọjá lórí rẹ̀, wọ́n á gbé páànù kúrò, ó parí nìyẹn. Kíá ni. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ ti rí gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n ará Ìbàdàn ni ìyá mi. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi kọ́ ọ nílé wọn. Á gé ẹnu ìyẹ́ náà, á tì í bọ inú ẹ̀kọ, á sì máa fi ọwọ́ ya ọnà rẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, láìsí ohun tí ó ń wò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, máa ń dúró lé e lórí.

"Ìyàwó Ìbàdàn, ìyẹ́ yìí, etí la fi í ro níbí o. Àbí etí ń yún aṣọ ni?"

Ìyá mi kì í gbójú sókè. Á ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá a ro ó, ẹ jọ̀ọ́. Bó bá gbọ́ràn tán, á pè yín."

Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Bí ilé wa ṣe rí nìyẹn kí àrùn èèyi tó wọlé.

Èèyi náà mú àbúrò mi ọkùnrin, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń sáré. Kò pẹ́ lórí ẹní. Àwọn ọkùnrin ló gbé e lọ, wọn kò jẹ́ kí ìyá mi mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, nítorí òbí kì í rí oórì ọmọ. Àwọn èèyàn wá kí wa láti Aké, àwọn mìíràn wá láti abà lọ́nà Àdìgbẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà lẹ́nu gbogbo wọn: "Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Ìyá mi ń wo ẹnu wọn bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Èmi tí mo jókòó tì í, mo rí i pé agbè ti sán.

Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á wò ó títí yóò fi tutù. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, omi kì í dé ẹnu rẹ̀ kí ó má dà sí i láyà. Bí oòrùn bá kan àtàrí, á dìde, á lọ dúró ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí ọmọ náà ti máa ń ṣeré, á máa wo ilẹ̀. Wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n fún un ní àgbo. Bàbá mi tí ó jẹ́ káfíńtà kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́, ó ń ṣọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ìkòkò ẹ̀kọ sílẹ̀ ní àgbàlá kó tutù. Mò ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá mi jáde wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ìyẹ́ adìyẹ kan láàárín pàǹtí tí mo gbá jọ, ó fi eyín gé ẹnu rẹ̀, ó tì í bọ ẹ̀kọ, ó sì jókòó ti aṣọ kan tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Mo dúró, mo di ìgbálẹ̀ mú. Bí ìyẹ́ náà ti kan aṣọ báyìí, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. Mo ń wò ó. Èjìká rẹ̀ tó ti gbé sókè látọjọ́ yẹn rọra sọ̀ kalẹ̀. Ó ya ìlà, ó tún ya òmíràn. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ẹ̀kọ yìí ki jù. Bu omi wá."

Ẹ gbọ́, mo sáré débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ igbá! Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹun.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọjọ́ tí kì í yà. Ó pín aṣọ sí ojú kéékèèké. Nínú ojú kan ó ya alángbá, nítorí alángbá ni àbúrò mi máa ń lé kiri àgbàlá. Nínú òmíràn ó ya igbá tó fi ń mu ẹ̀kọ, nínú òmíràn ẹsẹ̀ méjì pọ́ńkán. Kò sunkún bó ti ń yà á, ó ń mí dáadáa ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di irun mi. Mo bi í léèrè ọnà tó ń yà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo ṣì ń gbọ́ títí dòní:

"Ọmọ mi, bí ìyẹ́ bá wà lọ́wọ́ mi, orí mi á jókòó. Ohun tó ń yí nínú rẹ̀ á gba ọwọ́ mi jáde, á lọ jókòó sórí aṣọ. Bó bá ti wà lórí aṣọ, mo lè wò ó. Nígbà tó wà nínú mi, n kò lè wò ó."

Àánú ló bà á jẹ́. Ẹ má rò pé ìkà ni. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, rí ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó tẹ̀ kọdọrọ lórí aṣọ láti àárọ̀ dalẹ́, aṣọ kan ṣoṣo tí àwọn yòókù á fi páànù parí kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ó rò pé ìyà ló ń jẹ ẹ́. Ó rán ẹnìkan lọ bá ọkùnrin tó ń gé páànù, ó ní kó gé ọ̀kan tó dára fún un, tirẹ̀ nìkan, bẹ́ẹ̀ kò sí ìyàwó mìíràn nínú ilé tó ní páànù tirẹ̀. Ó gbé e fún un níṣojú gbogbo ilé.

"Ìyàwó mi, gba èyí. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í ṣe làálàá tó báyìí. Máa fi páànù ṣe é kí ara rẹ lè sinmi."

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, Ìyá. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹ́ náà sílẹ̀ fún mi."

"Rárá o. Èmi náà sin ọmọ, mo sin ju ẹyọ kan lọ. Mo mọ ohun tí ara rẹ ń fẹ́. Ìsinmi ni." Ó kó àwọn ìyẹ́ náà, ó sọ wọ́n sínú iná tí wọ́n fi ń ro ẹ̀kọ. Wọ́n jó pẹ́ẹ́, òórùn wọn gba gbogbo àgbàlá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa páànù, nítorí mo fi ṣiṣẹ́ jẹun lẹ́yìn náà fún ọdún púpọ̀. Páànù kò béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Ọwọ́ á máa lọ, á máa bọ̀, orí á sì máa rìn lọ síbi tó bá wù ú. Fún ẹni tí ara rẹ̀ yá, ó dára, ẹ lè máa sọ̀rọ̀, ẹ lè máa ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n ibì kan ṣoṣo ni orí ìyá mi ń rìn lọ. Kò pẹ́, ọwọ́ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Páànù ń yẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ̀kọ ń dà pọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi pariwo, "Páànù tí ọmọdé ń lò! Ìyàwó, kí ló tún dé?" Ó tún ti dákẹ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́sàn-án, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé nìkan mọ́. Lọ́jọ́ kan, àwọn afọṣọ mú un wá láti etí Odò Ògùn, ìró rẹ̀ tutù dé ìbàdí. Ẹ̀rù ba gbogbo ilé. Wọ́n pe ìpàdé, wọ́n sì fẹnu kò pé kí wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ìbàdàn kí wọ́n lè máa tọ́jú rẹ̀, kó má lọ kú sí wọn lọ́rùn. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà. N kò mọ bí ẹnu mi ṣe là. Mo ní, "Ẹ fún un ní ìyẹ́ rẹ̀."

Wọ́n bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o, ọmọ yìí ní ìyẹ́ adìyẹ ni oògùn orí!"

Ìyá Àgbà ní, "Má dá a lóhùn. Ọmọ, lọ pọn omi."

Mo lọ pọn omi.

Lówùúrọ̀ tí ọyẹ́ fẹ́ náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo bá ìyá mi nínú yàrá. N kò mọ ibi tó ti rí ìyẹ́. Ó ti tẹ́ aṣọ funfun kan sílẹ̀, ó ń yà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ó tilẹ̀ wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìdajì aṣọ péré ló ti yà nígbà tí bàbá mi wọlé, tó ní ọkọ̀ ojú irin kì í dúró de ẹnìkan. Ìyá mi ní, "Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀." Bàbá mi ní, "Ó tó. Ó ti tó báyìí." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, omi lé ròrò sí i lójú. Ìyá mi gbé ìyẹ́ sílẹ̀.

Ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Láfẹ́nwá, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú. Wọ́n wọ ọkọ̀ lọ, ọyẹ́ gbé wọn mì. Nígbà tí mo tún máa fojú kàn án, mo ti di ọmọge. Ó kí mi dáadáa. Ó ní kí n jókòó, ó bi mí léèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ. Ọmọ-ọmọ mi kan jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó wá kí mi láìpẹ́ yìí, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé níbi iṣẹ́ wa, a máa ń fún àwọn tí ìdààmú ọkàn bá ní ọ̀dà àti bébà kí wọ́n fi yàwòrán? Wọ́n ti rí i pé ó ń mú kí ọpọlọ fararọ, kí ọkàn fúyẹ́." Inú rẹ̀ dùn, ó ń sọ ọ́ bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Mo ní, "Ó mà dára o." Mo ń bó ẹ̀gúsí mi lọ. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n nísinsìnyí. Ta ló máa lọ sọ ọ́ fún àwọn ará ilé wa? Gbogbo wọn ti kú, kálukú wọn sì kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé àwọn ṣe dáadáa. Ní Ìtòkú pàápàá, ẹ̀rọ ló ń tẹ púpọ̀ nínú àdìrẹ tí wọ́n ń pàtẹ, láti ìlú tí wọn kò mọ aró. Àwọn páànù ayé ìjọ́un ti dógùn-ún. Bí ẹ bá rí ẹni tí ìbànújẹ́ dé bá, tó sì mú nǹkan kan dání tó ń fọwọ́ ṣe, ìbáà jẹ́ amọ̀, ìbáà jẹ́ òwú, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pé kó lọ sinmi. Ẹ bá a bu omi wá.

Ní ọjọ́ kejì tí ìyá mi lọ, Ìyá Àgbà ní kí n gbé aṣọ tó yà dé ìdajì yẹn lọ fọ̀, kí wọ́n lè rí i fi páànù ṣe nǹkan mìíràn sí, nítorí aṣọ funfun kò ṣeé fi ṣòfò. Mo ní, "Ẹ̀ẹ́n, Ìyá." Mo rọra gbé e kúrò nílẹ̀ kí ẹ̀kọ má baà fọ́, ṣùgbọ́n n kò gba ọ̀nà odò. Ọ̀dọ̀ aláró kan tó wà ní ìsàlẹ̀ Ìtòkú ni mo gbé e lọ. Ó tẹ́ ẹ wò, ó yí i wò.

"Ọmọ, aṣọ yìí kò tíì parí. Apá ibí yìí á kàn dúdú kanlẹ̀ ni."

"Ẹ bá mi rẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, Ìyá. Mo máa bá yín ru eérú tí ẹ fi ń ṣe aró."

"Ta ló yà á?"

"Ìyá mi ni."

Ó ṣí ìkòkò aró, ó tẹ̀ ẹ́ rì. Mo ru eérú fún un títí oòrùn fi yí, mo sì lọ jókòó ti ìkòkò náà, kí ẹnikẹ́ni má baà yọ ọ́ kí aró tó mu ún.