Nígbà Tí Mo Díyelé Ilé Bàbá Mi

Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ẹdẹ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta ilé. Kò sí ilé ìwé tó ń kọ́ni nírú ẹ̀ nítòsí wa, bó bá sì wà, mi ò lówó ẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì ń bá àwọn tó ń ra kòkó ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìkéde kan nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi pọ́n àkàrà fún mi. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ di ẹ̀jẹ́ǹtì ilé àti ilẹ̀, tó fẹ́ gba láísẹ́ńsì, lè jókòó sílé rẹ̀ kí ó máa kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á máa fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí i láti ìlú òyìnbó, yóò máa dáhùn ìbéèrè, yóò dá a padà, wọ́n á sì fi yíǹkì pupa tún un ṣe. Mo jẹ àkàrà náà tán, mo ká ìwé ìròyìn olóròóró yẹn sápò.

Bàbá mi kò mọ̀wé. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n, oko wọn wà lọ́nà Sẹ̀kọ̀nà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ìwé àkọ́kọ́ ti dé ni ẹ̀kọ́ yẹn ti di tiwọn. Bí àlejò bá wọlé, wọ́n á ní kó rọra tẹ bàtà mọ́lẹ̀, pé ọmọ àwọn ń bá òyìnbó sọ̀rọ̀. Bí mo bá sì ń kà á sókè, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, wọ́n á máa mirí bí ẹni tó ń gbọ́ wàásù.

Ojú oórì ìyá wọn wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, lápá ọ̀tún béèyàn bá wọlé. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì dán an, ó ga díẹ̀ ju ilẹ̀ yòókù lọ, ó sì máa ń tutù lọ́sàn-án. Orí ẹ̀ la ti máa ń jẹun ní kékeré. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, orí ẹ̀ náà ni mo ń jókòó sí, màá gbé ìwé lé itan. Kò sẹ́ni tó kà á sí ibi ẹ̀rù. Ìyá àgbà ló wà níbẹ̀.

Ó tó bí ọdún kan kí ẹ̀kọ́ nípa iye owó ilé tó dé. Wọ́n ní kí n mú ilé kan tí mo mọ̀ dáadáa, kí n wọ̀n ọ́n, kí n kọ ohun tó dára lára ẹ̀ àti àbùkù ẹ̀, kí n wá sọ iye tó yẹ kí wọ́n tà á. Ilé wo ni mo tún mọ̀ ju ilé wa lọ? Mo fi rúlà sàmì sára okùn, ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, mo sì sọ fún àwọn òbí mi pé mo fẹ́ wọn ilé.

Ìyá mi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n ní níbo ni wọ́n ti ń fi okùn wọn ilé nígbà tí baba ilé ṣì ń mí, pé ẹni tó bá ń kọjá á rò pé a ti ń pín ogún. Bàbá mi kàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n mú okùn wá. Àwọn fúnra wọn ló di orí kejì mú, a sì ń ti ògiri dé ògiri, gbogbo àdúgbò ń wò wá. Bí a ṣe ń lọ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. “Yàrá yìí ni wọ́n bí mi sí. Igi àjà yìí, láti ìtòsí ìlú Ara ni wọ́n ti rù ú wá lórí. Ògiri yìí, òjò wó o lẹ́ẹ̀kan kó tó gbẹ, wọ́n sì tún amọ̀ ẹ̀ gún, wọ́n tún un mọ, ìyá mi ló ń pọnmi, oyún mi nínú.” Mi ò kọ ìkankan sílẹ̀ nínú ẹ̀. Kò sí ibi tí òyìnbó fi sílẹ̀ fún un nínú ohun tí wọ́n bi mí.

Lábẹ́ àbùkù, nǹkan mẹ́rin ni mo kọ. Páànù ẹ̀yìn ilé ti dípẹtà, ó ń jò. Ògiri ẹ̀yìn ti sán. Yàrá ìyá mi kò ní fèrèsé. Ojú oórì wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìwé ẹ̀kọ́ ló ní kí n kọ ohunkóhun tó lè mú kí ẹni tó fẹ́ rà á pẹ̀yìn dà. Mo rò ó pé òyìnbó á pẹ̀yìn dà sí ti oórì yẹn. Mo kọ ọ́. Orí oórì náà ni mo sì jókòó sí tí mo kọ ọ́.

Ìdáhùn dé nígbà ọyẹ́. Máàkì mi kò dára. Yíǹkì pupa ní iye tí mo dá lé ilé náà ti pọ̀ jù, pé mi ò yọ ti àbùkù kúrò bó ṣe yẹ. Ìṣirò ni mo ṣì, mo sì mọ̀ pé ìṣirò ni. Bàbá mi ti dúró tì mí. Wọ́n bi mí pé kí ni òyìnbó wí. Mo ní wọ́n ní a ò ṣe dáadáa. Wọ́n bi mí pé kí ló fà á. Mo ní nítorí àbùkù ilé, mo ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún wọn, mo sì jáde lọ nítorí ojú ń tì mí. Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn. Wọ́n gbọ́ ọ pé ilé àwọn ló fìdí rẹmi.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n ra páànù. Wọ́n ra sìmẹ́ńtì. Wọ́n pe àbúrò wọn, tí à ń pè ní Bàbá Kékeré, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹ̀yìn ilé ṣe lẹ́yìn oko. Èmi rò pé àtúnṣe ọdọọdún ni. Ariwo òòlù ò jẹ́ kí n kàwé. Ìyá mi ni mo rán sí wọn, pé kí wọ́n jọ̀ọ́, bí mo bá ti ń kàwé, kí wọ́n dáwọ́ dúró díẹ̀. Bàbá mi ò jiyàn. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti jókòó, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ látorí àkàbà, wọ́n á lọ jókòó sábẹ́ igi ọsàn, wọ́n á máa dúró dè mí. Ó di ìgbà tí mo bá pa ìwé dé kí wọ́n tó tún gun òkè. Báyìí ni iṣẹ́ tí ì bá parí kí ọyẹ́ tó lọ ṣe falẹ̀ títí.

Bàbá Kékeré ló là mí lóye. Aláwàdà ni wọ́n. Wọ́n ń po sìmẹ́ńtì lọ́jọ́ kan, wọ́n rí mi, wọ́n ní, “Akọ̀wé, sọ fún òyìnbó ẹ kó ṣe sùúrù o. Fèrèsé ìyá ẹ ti yọ, ó ku ká rẹ́ ògiri.”

Mo ní kí ló kan òyìnbó nínú fèrèsé.

“O ò mọ̀? Bàbá ẹ ní bí ilé bá ti pé, wọ́n á fún ẹ ní máàkì ẹ. Èmi tí mi ò dé kíláàsì kìíní rí, èmi ni mò ń po sìmẹ́ńtì ìdánwò.”

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì pa àwọn náà. Mo pinnu pé màá lọ bá bàbá mi, màá ṣàlàyé pé èmi ni mo ṣìṣe, pé kí wọ́n yé da ara wọn láàmú. Mo ní tó bá di Jímọ̀, nígbà tí wọn ò ní lọ sóko. Jímọ̀ dé, ẹ̀kọ́ tuntun dé, mo sì ní kí n ka ti ọwọ́ mi tán ná. Ìdánwò ńlá ti ń sún mọ́lé. Ká sòótọ́, ilé tuntun tún ń wù mí.

Òjò àkọ́rọ̀ bá bàbá mi lórí òrùlé. Ẹ̀yìn ìrun aláàsárì ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ìwé dé ni. Ó ku páànù díẹ̀, wọn ò sì gbà láti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní omi á wọ yàrá ìyá mi bí àwọn bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo dúró nísàlẹ̀, mò ń kígbe pé kí wọ́n sọ̀. Wọ́n kan án tán kí wọ́n tó sọ̀, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ wọn lára, ẹnu wọn ń gbọ̀n.

Ikọ́ ló kọ́kọ́ mú wọn. Ó di òtútù àyà. A gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ní Òṣogbo, wọ́n tọ́jú wọn, ara wọn sì mókun díẹ̀, a gbé wọn wá sílé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á fi aṣọ òfì bora nínú oòrùn.

Ibẹ̀ ni wọ́n pè mí sí lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

“Mẹ́rin lo pè é,” wọ́n ní. “A ti ṣe mẹ́ta.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ti ìyá mi ló kù. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Mi ò lè gbé wọn kúrò.” Wọ́n wúkọ́, wọ́n sinmi. “Ṣé òyìnbó ò lè fún ẹ ní máàkì bó bá ku ẹyọ kan?”

Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀. Mo ní, “Bàbá, kì í ṣe ilé. Èmi ni mo fìdí rẹmi. Ìṣirò ni mo ṣì, kò sí ohun tó ṣe ilé yín.”

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ń purọ́ kí wọ́n má baà na àbúrò ẹ̀.

“Ìwọ kọ́,” wọ́n ní. “Ojú mi lo ṣe ń kàwé. Ẹni tó ń kàwé báyẹn ò lè fìdí rẹmi.”

Mo sáré gbé ìwé náà wá. Mo ka yíǹkì pupa fún wọn lédè òyìnbó, mo túmọ̀ ẹ̀, mo fi ibi tí mo ti ṣì í hàn wọ́n. Wọ́n fi ọwọ́ lé mi lórí. Wọ́n ní ó tó, kí n má wulẹ̀ ba ara mi jẹ́ nítorí àwọn. Bí mo bá ti sọ ọ́ nígbà ọyẹ́, lọ́jọ́ tí ìwé dé, mo gbà pé wọn ì bá gbọ́. Nígbà yìí, wọ́n ti náwó sí i, wọ́n ti ṣàìsàn sí i. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ gbà mí gbọ́ mọ́.

Wọn ò lò ju ìwọ̀nba ọjọ́ lọ lẹ́yìn ìyẹn. Ìdájí ni wọ́n kú, lórí ẹní ìkírun wọn.

Gbogbo ẹbí ti gbà pé ẹ̀gbẹ́ ìyá wọn ni a ó tẹ́ wọn sí. Ẹnì kan tiẹ̀ ti ń fi ọkọ́ sàmì sílẹ̀ nígbà tí Bàbá Kékeré dá a dúró. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn ti bá àwọn sọ̀rọ̀ níwájú àlùfáà.

“Wọ́n ní ká má sin àwọn sínú ilé. Wọ́n ní ẹyọ kan ló kù, àwọn ò ní sọ ọ́ di méjì.”

Àwọn ẹbí yòókù ò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìyá mi mọ̀ ọ́n. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, “Ọkọ mi, sọ̀rọ̀.” Mo ní kí wọ́n sin bàbá mi sílé, pé mi ò ṣe ẹ̀kọ́ mọ́, mi ò gba láísẹ́ńsì kankan. Mo sọ ọ́, mo tún un sọ. Àlùfáà ní ohun tí ẹni tó ń lọ bá béèrè, tí kò bá ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ṣíṣe la máa ń ṣe é. Wọ́n ní kí n má fi bàbá mi sínú ìjà.

Ọkọ̀ tó ń kó kòkó níbi iṣẹ́ mi la fi gbé wọn gba ọ̀nà Sẹ̀kọ̀nà lọ sóko wọn. Abẹ́ kòkó tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbìn la tẹ́ wọn sí, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, ewé kún orí ẹ̀.

Nígbà tí àwọn èèyàn ti ń padà lọ sínú ọkọ̀, Bàbá Kékeré dúró tì mí. Mo ní, “Wọn ò gbà mí gbọ́.”

“Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ gbà ẹ́ gbọ́?” wọ́n ní. “Bí wọ́n bá gbà ẹ́ gbọ́, ìwọ ni wọn ì bá máa bá wí. Ilé ni wọ́n yàn láti bá wí.” Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n lọ ṣe ìdánwò náà, pé a ò tún ilé ṣe fún eré.

Mo lọ. Ìwé mẹ́rin ni ìdánwò yẹn, mo sì yege nínú mẹ́ta. Ẹyọ kan ló kù, èyí tó jẹ mọ́ dídíyelé ilé. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, mo dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe é ní Ìbàdàn, wọ́n sì pè wá wọlé. Mo dúró síta títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn, mo wá lọ wọ ọkọ̀ padà sí Ẹdẹ.