Imọ̀ Ọ̀pẹ Tó Kan Wáyà

Ìwó ni Oríyọmí, ìyá Jọláolúwa, ti wá sí Ìkòròdú. Ó ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ oníke kan títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún, ló bá kó lọ sí Ìjẹ̀dẹ́, ó gba yàrá méjì, ó sì ra ẹ̀rọ tó ń sàba lé ẹyin bí adìyẹ. Òròmọdìyẹ ló ń tà. Láìsí iná, òwò kò sí.

Àmọ́ ejò ò jẹ́ kí iná dúró. Ọ̀pẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiransifọ́mà àdúgbò, imọ̀ rẹ̀ ti gùn débi tó ń kan wáyà, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà sì kọ́ ìtẹ́ sórí rẹ̀. Ejò á gun ọ̀pẹ lọ jẹ ọmọ ẹ̀gà, á gba orí imọ̀ bọ́ sórí tiransifọ́mà, ara rẹ̀ á kan irin méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Gbàù! Iná kú nìyẹn. Àwọn oníná á wá yọ òkú ejò, wọ́n á pààrọ̀ fíùsì, wọ́n á lọ.

Oríyọmí bẹ̀bẹ̀ títí. Àwọn oníná ní ẹni tó ni ọ̀pẹ ni kó gé imọ̀ rẹ̀. Bàbá Ògúnwálé tó ni ọ̀pẹ ní, "Ọmọ mi, ta ni yóò gun igi tó fara kan iná? Kí wọ́n pa iná ná." Oríyọmí padà sí ọ́fíìsì oníná, wọ́n ní àwọn ò lè torí igi onígi pa iná. Bó ṣe ń lọ ló ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ò kúrò lójú kan.

Nígbà tí ejò tún gbé e dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn òròmọdìyẹ ti ń ké nínú ẹyin. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Ó fi aṣọ bo ẹ̀rọ, ó sáré jáde. Zikrullah, òṣìṣẹ́ iná, ti yọ ejò kúrò, ó fẹ́ dá fíùsì padà.

"Ẹ dúró!" ni Oríyọmí kígbe. "Iná ti kú báyìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé imọ̀ yẹn kí ẹ tó tàn án."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹyin yín tó ń tutù ńkọ́?"

"Ẹyin náà ni mò ń sọ. Bẹ́ ẹ bá tàn án báyìí, ejò mìíràn á tún pa iná, ẹyin mìíràn á sì tún bàjẹ́."

Zikrullah wò ó, ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù kí wọ́n má tan wáyà náà rárá. Bàbá Ògúnwálé gbọ́, òun fúnra rẹ̀ ló lọ wá Kabir tó ń fi igbà gun ọ̀pẹ. Kabir ò tètè dé.

"Ìyá Jọláolúwa, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ni iná ni?" Fọlákẹ́ aládùúgbò rẹ̀ ló ń pariwo. "Ọbẹ̀ mi ń kan nínú fìríìjì!"

Oríyọmí á wọlé lọ fọwọ́ kan ẹyin, á tún jáde wá wojú ọ̀nà.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí imọ̀ tó kẹ́yìn tó já bọ́. Iná dé, àdúgbò hó yèè. Oríyọmí ṣí ẹ̀rọ. Ìwọ̀nba òròmọdìyẹ ló yè. Àwọn mìíràn ti dá ẹyin lu, wọ́n ti yọ ẹnu síta, ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Ó ń kó wọn sínú garawa lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá Ògúnwálé wọlé.

"O ṣeun, ọmọ mi. O ṣe é fún gbogbo wa."

"Bàbá, ọ̀rọ̀ tí à bá ti parí tipẹ́ ni. Kí ló dé tó fi jẹ́ orí ẹyin mi ló fàbọ̀ sí?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá a kó èyí tó kù sínú garawa.

Láti ìgbà náà, ejò ò pa iná mọ́. Àmọ́ bí aládùúgbò bá ń kí Oríyọmí kú iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, orí ló máa ń mì, á sì kọjá lọ.