Ẹ̀wà Tí Mo Sè fún Ìyàwó Mi

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí n tó mọ̀ pé ẹ̀wà máa ń ṣe orí kunkun. Gbogbo ẹ̀wà tí mo ti jẹ láyé mi, inú abọ́ ni mo ti ń bá a, tó ti rọ̀, tó ti gba epo, tí n ó sì tún máa ráhùn pé iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Bí eyín mi bá ṣèèṣì kan ẹyọ kan tó le díẹ̀, mo máa ń ti abọ́ náà sẹ́yìn bí ọba tí wọ́n rí fín. Ìyàwó mi á kàn rẹ́rìn-ín, á ní òun ti gbọ́. Mo bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kí àwọn ọmọ mi ti gbàgbé ìwà yẹn, nítorí èmi ò tíì gbàgbé.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn Iléyá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú nínú bálùwẹ̀ wa ní Ìbà Ẹ́sítéètì. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹnu rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohùn rẹ̀ sì lọ. Kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí a bá sọ ló ń gbọ́. Orí ló fi ń dá mi lóhùn: bó bá mi orí sókè sódò, bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn, bó bá gbọn ọ́n sọ́tùn-ún sósì, rárá nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ti ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Ìyànà Ìbà pa, mo di nọ́ọ̀sì tí kò kọ́ iṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n ń dá wa sílẹ̀ ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì tòótọ́ kan pè mí jókòó. Ó ní ògì nìkan kò lè gbé e, pé ògì ṣíṣàn a sì máa gba ọ̀nà tí kò yẹ lọ nínú ọ̀fun rẹ̀, a máa fa ikọ́. Ó ní kí n máa se ẹ̀wà fún un, kó rọ̀ títí ìka yóò fi lè tẹ̀ ẹ́ fọ́, kí n wá gún un kó kúnná. Iyọ̀ bíńtín, kánún kò gbọdọ̀ kàn án nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó wá fi kún un pé bí ọjọ́ mẹ́ta bá pé tí kò tíì lè jẹun dáadáa, kí n gbé e padà wá, àwọn yóò ki rọ́bà tí oúnjẹ yóò máa bá wọlé gba imú rẹ̀ lọ sínú ikùn.

Ìyàwó mi gbọ́, ó sì bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lo irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú, òun ló sì tọ́jú rẹ̀. Mo di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, mo ní níwọ̀n ìgbà tí èmi bá wà láyé, kò sí ẹni tí yóò ki rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú. Ta ló rán mi níṣẹ́?

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ògì náà ló ṣì ń mu nítorí n kò mọ ẹ̀wà sè, ó sì ń wúkọ́ títí omi á fi jáde lójú rẹ̀. Eegun ọrùn rẹ̀ ti ń yọ. Ọmọ wa obìnrin tí ì bá ràn mí lọ́wọ́ wà ní Ṣágámù, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀, òun gan-an kò tíì lè dìde. Bí ọjọ́ kẹta ṣe mọ́, mo kírun Àsùbá tán, mo bẹ obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa kó bá mi wo ìyàwó mi, mo sì gba Okokomaiko lọ láti ra ẹ̀wà.

Mo dúró níwájú oníẹ̀wà bí ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò. Ó bi mí bóyá olóyin ni mo fẹ́ àbí dúrúmù. Mo ní kó fún mi ní èyí tó dára. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó sì mọ irú ẹni tí òun ń bá ṣe. Ó bù fún mi nínú èyí tó ń dán jù, ó ní ti Àlájì ni, ó fi ẹ̀kúnwọ́ kan ṣe èènì. Mo dúpẹ́ gan-an lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ṣa ẹ̀wà náà, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e kaná. Kò pẹ́ tí ìfófòó fi kún bo ìkòkò, tó dà sórí gáàsì, tó pa iná. Mo tún un dá. Fún nǹkan bíi wákàtí méjì ni mo ń ṣí ìdérí, tí mo ń dé e, tí mo ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ tí ó ń jó mi. Nígbà tí ara ẹ̀wà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́, mo ní ó ti tó. Mo gún un, mo sì gbé e lọ bá a. Ó gba ṣíbí kan, ó gbé e sẹ́nu fún ìgbà díẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì tún bọ́ jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó yẹ̀. Mo mú èyí tó bọ́ jáde náà, mo fi ìka ra á. Kókó pọ̀ nínú rẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì padà sí ìdí iná pẹ̀lú ìbínú sí oníẹ̀wà.

Òórùn ẹ̀wà tó kù nínú ìkòkò, tó ti jó, ló gbé obìnrin ìsàlẹ̀ gòkè padà. Ọmọ Ọ̀jọ́ gan-an ni, ilé baba rẹ̀ kò jìnnà sí ààfin, kì í sì í bẹ̀rù láti sọ ohun tó bá rí. Ó mú ẹyọ ẹ̀wà tútù kan nínú ọ̀rá, ó gé e jẹ, ó sì tu ú dànù.

“Àlájì, ṣé ẹ gé e jẹ kẹ́ ẹ tó rà á?”

Mo ní n kò gé e jẹ. Ó ní ẹ̀wà àtijọ́ ni wọ́n dà mọ́ tuntun fún mi, pé bí ọ̀kan bá ń fọ́, èkejì á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jí lójú oorun. Ogójì ọdún ni ìyàwó mi fi ń gé ẹ̀wà jẹ lọ́jà nítorí eyín mi, n kò mọ̀. Obìnrin náà kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ púpọ̀. Ó ní ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó ní kí n da omi àkọ́kọ́ nù, kí n rẹ́ àlùbọ́sà sí i, kí n máa bu omi tútù sí i díẹ̀díẹ̀, kí n sì fi ọ̀rá bò ó lábẹ́ ìdérí. Lẹ́yìn náà ó lọ mú kánún wá láti ilé rẹ̀, kò ju èékánná lọ. Ó ní ìwọ̀nyẹn kò lè pa èèyàn.

Mo mú un lọ fi han ìyàwó mi. N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan tó fi gbọn orí sọ́tùn-ún sósì, ojú rẹ̀ le koko. Obìnrin ìsàlẹ̀ gba kánún rẹ̀ padà, ó ní aláìsàn gbọ́n ju àwa méjèèjì lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ọ̀sán pọ́n, mo wà nídìí iná. Oòrùn yí, mo wà níbẹ̀. Nídìí iṣẹ́ mi, bí bébà bá há sẹ́nu ẹ̀rọ, mo máa ń ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo máa ń fà á yọ, ìyẹn ti tán. Ẹ̀wà kò ní ẹ̀yìn tí a ń ṣí. Èèyàn kàn máa dúró ni, kó máa bu omi tútù sí i. Mo kírun Alásárì nínú kíṣìnnì, etí mi kan wà lọ́dọ̀ ìkòkò, n kò sì mọ̀ bóyá Ọlọ́run ka ìyẹn sí ìrun.

Nígbà tó yá, ó rọ̀. Ó rọ̀ débi pé bí mo ṣe fi ṣíbí kàn án ló ń fọ́. Inú mi dùn bíi pé èmi ni mo dá ẹ̀wà sáyé. Mo gbé e lọ, mo bu fún un, ó gbé e sẹ́nu, ó sì tún jáde. Mo bi í pé ṣé ó le. Ó gbọn orí pé rárá. N kò gbà á gbọ́. Obìnrin yìí ti ń fi irú èsì bẹ́ẹ̀ tù mí nínú látìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ: á ní òun ti yó nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mo jẹ ẹran inú ọbẹ̀ tán. Mo ní ó kàn ń ṣàánú mi ni.

Mo padà sí kíṣìnnì. Mo gún ẹ̀wà náà nínú odó kékeré, mo fi asẹ́ ògì sẹ́ ẹ, mo da èèpo nù. Ohun tó kù kúnná, kò sí kókó kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Mo fi ìrọ̀rí méjì tì í lẹ́yìn, mo bu ìdajì ṣíbí. Ó la ẹnu, ó pa á dé débi tó lè pa á dé. Mo ní kó gbé e mì. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń gbìyànjú. Ẹ̀wà náà rọra ṣàn jáde, ó ń kán sára tówẹ̀lì tí mo tẹ́ sí i láyà.

Inú bí mi. N kò ní parọ́, inú bí mi.

“Kí ni kí n tún ṣe sí ẹ̀wà yìí?” ni mo wí fún un. “Kí ló kù? Sọ fún mi.”

Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ni mo ní kó sọ fún mi.

Ó na ọwọ́ òsì, ó gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, ó gbé e sínú abọ́. Ó mú ọwọ́ mi, ó fi lé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ó tún gbìyànjú láti gbé itọ́ lásán mì. Mo ń retí kí nǹkan gbéra sókè lábẹ́ ìka mi, bó ṣe máa ń gbéra lọ́rùn gbogbo ènìyàn. Kò sí ohun tó gbéra. Láti àárọ̀ wá, kì í ṣe ẹ̀wà ló kọ̀, ọ̀fun rẹ̀ ni.

Mo bu ṣíbí kan sẹ́nu ara mi, bóyá n ó ṣì lè rí ẹ̀bi kan lára ẹ̀wà náà. Ó rọ̀. Ó gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ wẹ́rẹ́, n kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí mo gbé e mì. Ìyẹn ló mú mi sunkún, níwájú rẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́.

Mo fẹ́ sọ ibi tí ó kù kí a lọ. Mo la ẹnu lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ náà kò jáde, nítorí ìlérí tí mo ti ṣe fún un. Ó ń wò mí, ó fún mi láyè dáadáa. Nígbà tó rí i pé apá mi kò ká a, ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó fi ìka kan imú ara rẹ̀, ó sì mi orí sókè sódò.