Ajá Tó Jókòó Láàárín Kùmọ̀

Ọjọ́ tí ajá mi gé mi jẹ, ẹ̀bi mi ni. Mo pè é, ó wá, mo sì nà án. Ó ti fa bàtà ṣọ́ọ̀ṣì mi ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ lẹ́yìn ilé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo fi ohùn dídùn pè é, ó ń ju ìrù bọ̀, inú ẹ̀ ń dùn. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ mi ni mo di awọ ọrùn ẹ̀ mú, mo da pàṣán bò ó. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí pàṣán balẹ̀ lára ẹ̀ ló yí orí padà tó ki eyín bọ ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló sá wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì, ó ń gbọ̀n, ó ń tọ̀ sílẹ̀.

Tíṣà ni mí. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé nílùú Ẹdẹ kí n tó fẹ̀yìn tì, pàṣán kò sì jìnnà sí ọwọ́ mi ní gbogbo ọdún náà. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀dá. Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, olè fọ́ yàrá mi lọ́sàn-án gangan nígbà tí mo wà ní ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbé rédíò ọkọ mi lọ, wọ́n gbé aṣọ òkè tó fi gbé mi níyàwó. Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀kùn bá dún, àyà mi á já. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ bá ọdẹ àgbàlagbà kan ní Alajue, níbi tí mo ti ń dá oko ẹ̀gẹ́ kékeré kan. Òun ló fún mi ní ọmọ ajá pupa yìí, tí etí ẹ̀ kan dúró, tí èkejì wó.

Bàbá onílé mi kò fẹ́ràn ajá. Alájì ni wọ́n, ìrun kì í sì í yẹ̀ wọ́n. Bí itọ́ ajá bá kan aṣọ wọn, àfi kí wọ́n fọ̀ ọ́ léraléra kí wọ́n tó lè fi kírun. Ọjọ́ tí mo mú ajá náà délé, wọ́n ní kí n jókòó.

"Màmá Tíṣà, mi ò ní lé yín jáde nítorí ajá," ni wọ́n wí. "Mo mọ ohun tí ojú yín rí. Àmọ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọjọ́ tó bá gun orí ẹní ìrun mi, tàbí tó gé ẹnikẹ́ni jẹ nínú ilé yìí, ọjọ́ náà ló máa lọ."

"Mo gbọ́, Alájì. Ẹ ṣé o, sà."

Èmi náà wà lára ẹnikẹ́ni tí wọ́n wí. Nítorí náà, nígbà tí ajá gé mi jẹ, ṣe ni mo fi gèlè di ojú egbò náà, tí mo fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ ìborùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo so okùn mọ́ ajá náà lọ́rùn, mo wọ́ ọ padà lọ sí Alajue.

Ọdẹ náà wo ọwọ́ mi, ó wo ajá.

"Kí ló ṣe?"

"Ó fa bàtà mi ya, kò gbọ́ràn, bàbá. Ẹ gbà á padà."

"Nígbà tí ẹ pè é, ṣé ó wá?"

"Ó wá."

"Nígbà tó dé, kí lẹ fún un?"

Mo fa ìborùn bo ọwọ́ mi. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan họ abẹ́ àgbọ̀n ajá náà.

"Ó gbọ́ràn nígbà náà. Ìyá, ajá ò mọ bàtà. Ohun tó mọ̀ ni pé wọ́n pe òun, òun wá, ẹgba bá òun. Ẹ má pè é láti fìyà jẹ ẹ́ mọ́ láéláé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá a wí, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ rìn lọ bá a níbi tó wà. Ọ̀rọ̀ kan fún nǹkan kan. Ẹ má pe 'jókòó' lónìí kẹ́ ẹ pe 'fìdí kalẹ̀' lọ́la. Ohùn kan náà ni kẹ́ ẹ fi máa pè é, bí inú yín dùn, bí inú yín ò dùn. Bí ìbínú bá dé, ẹ panu mọ́ títí yóò fi lọ. Ohùn lajá ń gbọ́ kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀."

Mo tún mú un padà wálé. Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kó tó gbà láti wá bí mo bá pè é. Mo máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé láàárọ̀, màá mú orí ẹja gbígbẹ dání, màá sì dákẹ́. Òun náà á dúró lókèèrè, á máa wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ ló ń wò, kì í ṣe ojú mi, ìyẹn sì dùn mí ju egbò ọwọ́ mi lọ. Nígbà tó wá sún mọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ "jókòó". Lẹ́yìn náà, "dùbúlẹ̀". Lẹ́yìn náà, "dúró", èyí tó le jù. Kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan oúnjẹ àfi bí mo bá ní "ó yá". Láràárọ̀ ni, ọjọ́ Sọ́ńdè pàápàá, kí n tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ìbínú bá gbé mi, tí mo mọ̀ pé ohùn mi fẹ́ yí padà, inú ilé ni mo máa ń lọ láti fọ abọ́. Àwọn abọ́ kan wà tí mo fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan.

Alájì máa ń wò wá láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, wọ́n á máa ka tẹ̀sùbáà. Lọ́jọ́ kan, adìẹ wọn kó ọmọ kọjá níwájú ajá náà. Ó dìde. Mo ní, "Dúró." Gbogbo ara ẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń kán lẹ́nu ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣí ẹsẹ̀ títí adìẹ fi kó ọmọ ẹ̀ kọjá. Alájì wúkọ́ díẹ̀, wọ́n padà sídìí tẹ̀sùbáà wọn. Mo mú un lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọ̀ dókítà ẹranko, wọ́n fún mi ní káàdì, mo fi í sáàárín Bíbélì mi.

Bí ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ajá kan tó ń yọ ìfófòó lẹ́nu gba ọ̀nà Awo wọ ìlú. Ó gé obìnrin kan jẹ ní ọrùn ẹsẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó tún gé bàbá arúgbó kan jẹ, ó sì pòórá. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọkùnrin àdúgbò kó kùmọ̀ jáde, wọ́n ní ajá tí àwọn bá ti rí níta, àwọn ò ní bèèrè ẹni tó ni ín.

Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni mo ti mú ajá mi lọ sóko, fóònù mi sì ti kú. Nígbà tí a ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn ṣì ń jó ni. Ajá náà ti lé ọ̀yà kiri inú igbó; ahọ́n ẹ̀ yọ gbọọrọ, itọ́ ń kán tótó. Mo ru báàfù ẹ̀gẹ́, mo di okùn ẹ̀ mú.

Nígbà tí a ya sí àdúgbò wa, mo rí òkú ajá dúdú kan lẹ́bàá gọ́tà. Mo mọ ajá náà. Obìnrin tó ń ta èlùbọ́ ló ni ín. Wọ́n ti fọ́ orí ẹ̀. Kí n tó ronú ohun tí mo rí, ẹnìkan ti pariwo:

"Òmíràn nìyẹn! Ẹ wo itọ́ lẹ́nu ẹ̀!"

Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti yí wa ká. Wọ́n á tó mẹ́wàá. Kùmọ̀ ló wà lọ́wọ́ èyí tó pọ̀ jù, ẹnìkan mú àdá. Ọkùnrin tó wà níwájú mú ọ̀pá irin dání. Wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ni, mo sì mọ̀ ọ́n. Mo kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin. Ojú ẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò sùn.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀, mà."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ajá dìgbòlugi gé ìyàwó mi jẹ lánàá. Ọsibítù ló wà báyìí. Mi ò fẹ́ bá yín jiyàn, mà. Ẹ ju okùn yẹn sílẹ̀."

"Tèmi kọ́. Oko la ti ń bọ̀. Ó ti gba abẹ́rẹ́."

"Káàdì ẹ̀ dà?"

"Ó wà nílé, nínú Bíbélì mi."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. Ajá mi ti fara pamọ́ sẹ́yìn ẹsẹ̀ mi, ó ń kùn. Mi ò gbọ́ kíkùn náà létí. Inú okùn ni mo ti ń gbọ́ ọ, ó ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé bó bá yọ eyín pẹ́nrẹ́n, ó parí. Bí mo bá fà á tí mo sáré, wọ́n á lé wa bá.

"Ẹ gbọ́," mo ní, "dìgbòlugi kì í mọ ẹni tó ni ín, kì í gbọ́ràn. Èyí gbọ́ràn. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Wẹ́dà náà na ọ̀pá irin sí ajá náà. "Ní kó jókòó," ló wí. Kò tiẹ̀ rántí láti fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. "Tí kò bá jókòó, má dá wa dúró mọ́."

Mo ní, "Jókòó!"

Ohùn tó jáde lẹ́nu mi kì í ṣe ti ẹ̀yìn ilé. Ohùn kíláàsì ni, ó ga, ó sì ya. Ajá náà kò mọ̀ ọ́n. Ó dúró ṣánṣán, irun ẹ̀yìn ẹ̀ dìde. Àwọn ọkùnrin náà sún mọ́ wa ní ìgbésẹ̀ kan. Ẹni tó mú àdá gbé e sókè.

Mo sọ báàfù ẹ̀gẹ́ kalẹ̀. Mo wá ṣe ohun tó le jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà: mo kẹ̀yìn sí wọn. Mo dẹ okùn lọ́wọ́ mi. Mo mí sínú, mo mí síta, mo wo etí ẹ̀ tó wó.

"Jókòó."

Ó jókòó.

Mo ní, "Dùbúlẹ̀." Ó tẹ́ ara ẹ̀ sínú eruku. Ìgbà náà ni òkúta kan ti ẹ̀yìn wá, ó bà á ní itan. Títí di òní, mi ò mọ ẹni tó jù ú. Ajá náà ké, ó gbé ìdí díẹ̀ nílẹ̀, ó wo ojú mi. Ojú mi ló wò, kì í ṣe ọwọ́.

"Dúró," mo ní.

Ó dúró. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ ń jáde, ó dúró.

"Ta ló ju òkúta yẹn?"

Ohùn Alájì ni. Wọ́n ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, kẹ́tù àlùwàlá wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wọ àárín wa pẹ̀lú jàlàbíà funfun wọn lọ́rùn.

"Alájì, ẹ má sún mọ́ ọn!" wẹ́dà náà kígbe.

"Omi ni àwọn bàbá wa fi ń mọ̀ ọ́n," ni Alájì wí. "Dìgbòlugi kì í lè mu omi." Wọ́n wo ilẹ̀ bóyá wọ́n á rí igbá tàbí agolo. Wọn ò rí. Wọ́n wo kẹ́tù ọwọ́ wọn pẹ́, wọ́n ṣí ìdérí ẹ̀, wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú ẹnu ajá náà.

"Alájì, kẹ́tù àlùwàlá yín!"

"Kẹ́tù náà ni. Ẹ ní kó mu."

"Ó yá," mo ní, jẹ́jẹ́.

Ó ki ẹnu bọ̀ ọ́, ó ń lá omi. Gbogbo wa ń gbọ́ bó ṣe ń dún. Lẹ́yìn náà ni dókítà ẹranko sọ fún mi pé omi mímu kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú, pé abẹ́rẹ́ nìkan ni ká gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, àwọn ọkùnrin yẹn gba omi gbọ́. Kùmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wẹ́dà náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Tíṣà, ẹ mú un wọlé, mà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jáde."

"Báwo ni ìyàwó ẹ?"

"Ẹ̀rù ń bà á," ló wí. Ó yíjú, ó sì lọ.

Mo lọ wo ìyàwó náà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ó gba gbogbo abẹ́rẹ́ ẹ̀ pé, ó sì ti padà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ báyìí. Mi ò mọ iye ajá tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ajá obìnrin ẹlẹ́lùbọ́ yẹn, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní "jókòó" ni.

Alájì ra kẹ́tù mìíràn. Èyí tí ajá mu nínú ẹ̀, ẹnu ọ̀nà mi ni mo bá a. "Ẹ máa fi bu omi fún un," ni wọ́n wí.

Mo rò pé ó ti parí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n yí wa ká, mo pe ajá náà, kò wá. Mo tún pè é, ó wo ọwọ́ mi láti òkèèrè bí ìgbà tó ṣì kéré. Mi ò bá a bínú. Mo ní kó dùbúlẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ibẹ̀ ni òkúta ti bá a. Kò mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mo jù ú. Mo padà sídìí àpótí àti orí ẹja. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi wo ara wa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá, mo ń fọ abọ́, mi ò pè é, mo kàn gbọ́ pé nǹkan tútù kan fara kan gìgísẹ̀ mi. Imú ẹ̀ ni. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Mo ń fọ abọ́ mi lọ, omijé ń kán sínú omi ọṣẹ.

Ẹsẹ̀ ẹ̀ yẹn ṣì máa ń dùn ún nígbà ọyẹ́. Bí a bá sì ń ti oko bọ̀, tí mo rí ọkùnrin mẹ́ta tó dúró pọ̀ lójú títì, ọ̀nà mìíràn ni mo máa ń gbà délé.