Ọ̀run Tí Wọ́n Tì Ní Kọ́kọ́rọ́

Ènìyàn mọ́kànlélógún. Iye àwọn tí ìjọ wa fi sílẹ̀ sínú òjò nìyẹn, iye náà sì ni ẹnikẹ́ni kò fẹ́ kí a sọ síta. Nígbà tí a ṣe àjọ̀dún ìjọ, wọ́n ka iye àga tuntun, wọ́n ka iye fèrèsé. Nígbà tí ó kan àwọn wọ̀nyí, wọ́n ní "àwọn ará etíkun díẹ̀." Díẹ̀! Mo wà níbẹ̀. Mo kà wọ́n.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni, kí ọ̀nà ọ̀dà tó dé apá ọ̀dọ̀ wa ní Ajah. Mo wá sílé láti yunifásítì fún ìkórè. Àṣà ìjọ wa ni pé ní Sátidé tí ó ṣáájú ìkórè, a ó kan pèpéle eré Ìdájọ́ Ìkẹyìn sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Pákó ni ọ̀run inú eré náà, aṣọ funfun ni a fi ń bò ó. Bí a bá ti tẹ́ aṣọ náà tán, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé mọ́ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Bàbá Ìjọ, ẹni tí ó máa ń ṣe Ọba onídàájọ́ nínú eré náà, ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, òkun ya wọ abúlé àwọn apẹja kan lọ́nà Eleko. Àwọn tí omi gbé ilé wọn lọ wá bá wa, nítorí pé ṣọ́ọ̀ṣì wa ni ilé tí ó tóbi jù lórí ilẹ̀ gíga. Òjò ń rọ̀. Ìyá kan pọn ọmọ ọwọ́ tí ikọ́ kò jẹ́ kí ó mí dáadáa. Ó kúnlẹ̀ sórí àtẹ̀gùn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba ọmọ yìí nìkan wọlé. Èmi á dúró síta."

Bàbá Ìjọ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ìyá ọmọ, a ti tẹ́ aṣọ. Ṣé ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ yín yìí ni ẹ fẹ́ gbé gun ọ̀run?"

Apẹja àgbàlagbà kan dáhùn láti ẹ̀yìn: "Ọ̀run tí ẹ fi ìṣó kàn láàárọ̀ yìí náà ni, Bàbá? Ẹ kúkú fi wá sí ọ̀run àpáàdì, bí ibẹ̀ bá ṣáà ti gbẹ."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a ká aṣọ náà kúrò. Bàbá Ìjọ yíjú sí mi: "Ṣé ìwé tí o lọ kà ni ó ní kí o máa pàṣẹ fún àgbà?" Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí àpò.

Awakọ̀ Mùsùlùmí kan tí ó ń kọjá ni ó dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró. "Ẹ máa bọ̀, jàre. Mọ́ṣáláṣí tiwa ń jò o, ṣùgbọ́n a kì í tì í." Wọ́n bá a lọ.

Kí agogo ìkórè tó lù, ọmọ náà ti kú lórí ẹní tútù ní mọ́ṣáláṣí náà. Wọ́n ní ikọ́ ni ó pa á. Ṣùgbọ́n ikọ́ kọ́ ni ó ti ìlẹ̀kùn! Ní òwúrọ̀ kan náà, Bàbá Ìjọ dé adé bébà, ó jókòó sórí aṣọ funfun tí kò ní àbàwọ́n kankan, ó sì ń bi àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ inú eré, tí wọ́n tò sí ọwọ́ òsì rẹ̀, léèrè ìdí tí wọn kò fi gba àlejò sílé. Gbogbo ìjọ ṣe Àmín.

Ẹ̀kọ́ ìdájọ́ tí a fi kọ́ wa láti kékeré kò ṣòro: ta ni ebi ń pa tí o bọ́, ta ni ó wà níta tí o gbà wọlé? Kò sí ìbéèrè nípa pèpéle níbẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ tí kọ́kọ́rọ́ náà wà lọ́wọ́ yín lónìí, òkun kò tíì dẹ́kun jíjẹ ilẹ̀. Ní ìkórè tí ń bọ̀, ẹ dìde níwájú gbogbo ìjọ, kí ẹ ka iye náà sókè: mọ́kànlélógún, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ọwọ́, ó sì kú. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ àgádágodo yẹn kúrò lára ìlẹ̀kùn, kí òjò tó rọ̀.